Àáró Ni Wọ́n Fi Ṣe É: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Kámẹ́rà Fíìmù Yorùbá

Tí fíìmù Yorùbá bá parí, tí orúkọ àwọn tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀pọ̀ nínú wa ti dìde lọ mu omi. Àwa tí a ń wò ó lórí fóònù, kíá la ti tẹ èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀, ìtàn pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé tó yá wọn nílé, lọ́wọ́ ọba ìlú, lọ́wọ́ ìyá tó se oúnjẹ, lọ́wọ́ àgbà òṣèré kan tó wá ṣe síìnì kan ṣoṣo láìgba kọ́bọ̀. Ìdúpẹ́ yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Òun gan-an ló ń sọ bí wọ́n ṣe rí fíìmù náà ṣe.

Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni pé àáró ni wọ́n fi kọ́ fíìmù Yorùbá. Kì í ṣe báńkì, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Àáró ni. Tí a ò bá mọ èyí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní lókéṣọ̀n ò ní yé wa, wàhálà tó wà nídìí iṣẹ́ náà lónìí ò sì ní yé wa pẹ̀lú.

Ẹni tí ò bá dé oko rí lè má mọ àáró. Àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ á fìmọ̀ ṣọ̀kan. Lónìí, gbogbo wọn á lọ ro oko Àkàndé. Lọ́la, ó di oko Àlàbí. Ní ọ̀túnla, ó kan ẹni kẹta. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni oko á wá oúnjẹ, á wá omi, ó parí. Ọ̀wẹ̀ jọ ọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pe èrò rẹpẹtẹ fún iṣẹ́ ńlá kan, bíi ilé kíkọ́, kò sì sí ẹni tó máa jókòó ka iye ọjọ́ tó jẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àáró ní tiẹ̀ ní ìṣirò nínú. Ẹni tó jẹ ẹ́ tí kò san án, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ká wá padà sẹ́yìn díẹ̀.

Láti orí ìtàgé dé iwájú kámẹ́rà

Eré ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Láti ara eégún aláré ní Ọ̀yọ́ ni eré alárìnjó ti jáde, ẹgbẹ́ tó ń ti ìlú dé ìlú, tó sì jẹ́ pé ìdílé kan náà ló sábà máa ń jẹ́ òpó rẹ̀. Nígbà tó di 1944, Hubert Ògúndé, tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré kan jáde fún ìjọ rẹ̀ ní Èkó. Láìpẹ́, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e pọ̀: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tó ń fi bọ́ọ̀sì rin ilẹ̀ Yorùbá já.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí? Lákọ̀ọ́kọ́, ilé ni ẹgbẹ́. Àwọn ìyàwó Ògúndé wà lára àwọn òṣèré rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà dàgbà sórí ìtàgé. Ìkejì, kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe ọba lálẹ́ òní lè jẹ́ ẹni tó gbé àga sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, tó sì já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ìkẹta, ọ̀pọ̀ wọn kì í lo ìwé. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipò, á sọ ibi tí síìnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín, òṣèré ló máa wá a fúnra rẹ̀. Tí èrò bá rẹ́rìn-ín gan-an sí àwàdà kan, á fà á gùn. Tí wọ́n bá dákẹ́, á gé e kúrú. Èrò ìwòran gan-an ló ń darí eré.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà òṣèré Yorùbá lọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òwe fi máa ń jáde lẹ́nu wọn wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ láìdúró ronú.

Ní oṣù kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ eré sì rí àyè wọ inú stúdíò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá ohun tó ṣòro jù pàdé: kámẹ́rà kì í rẹ́rìn-ín, kì í pàtẹ́wọ́, kì í dáhùn orin. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára kí igba èèyàn máa dá a lóhùn wá ń sọ̀rọ̀ sí ojú dígí. Ìyẹn náà ò tíì le tó èyí tó ń bọ̀.

Nígbà tí ríìlì jẹ́ wúrà

Ní 1970, wọ́n sọ eré Wọlé Ṣóyínká, Kongi's Harvest, di fíìmù, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é. Fíìmù tó kọ́kọ́ sọ Yorùbá jáde ní 1976: Àjàní Ògún. Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, ló darí rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí wọ́n ń pè ní Ade Love sì ni òṣèré tó gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni Ìjà Òmìnira jáde, èyí tí wọ́n mú nínú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ògúndé tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Ayé, Jáiyésinmi àti Àròpin N'Tènìyàn. Baba Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982.

Ẹ jẹ́ ká wọ lókéṣọ̀n ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyí, ríìlì mílímítà 16 ni wọ́n fi yà wọ́n. Ríìlì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ kó tó tán. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Tí wọ́n bá yàwòrán tán, wọn ò lè wò ó lójú ẹsẹ̀ o. Wọ́n á fi bò mọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bà á jẹ́, wọ́n á fi bàálù gbé e lọ sí London kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwòrán jáde dáadáa tàbí òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí èsì máa fi dé, aṣọ ti kúrò lára, ilé tí wọ́n lò ti di ti onílé padà, òṣèré ti gba ìlú mìíràn lọ.

Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ń yí, owó ló ń jó. Ẹ wo òṣèré tó mọ̀ pé tí èrò bá ń gbádùn òun, kí òun máa bá a lọ. Wọ́n wá ní kó sọ gbólóhùn mẹ́rin péré, kó dákẹ́. Wọ́n ní kó dúró síbi àmì tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀, torí tó bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ibẹ̀, àwòrán á ṣú. Wọ́n tún ní kó ṣe ìparí kó tó ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n wà ló ń sọ síìnì tí wọ́n máa yà, kì í ṣe bí ìtàn ṣe tò. Tí ààfin bá wà lọ́wọ́ wọn lónìí nìkan, gbogbo síìnì ààfin ni wọ́n máa yà lónìí. Èèyàn lè kú láàárọ̀, kó wá ṣe ìgbéyàwó lọ́sàn-án.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá méjì ti pàdé ní lókéṣọ̀n kan. Ọ̀gá ìtàgé ló ni ẹgbẹ́, òun ló ni owó, òun ló ni ìtàn, òun náà lèrò mọ̀. Ọ̀gá kámẹ́rà ló mọ ohun tí ríìlì lè gbé. Ọ̀kan ń fẹ́ kí orin àti ìjó pé bó ṣe wà lórí ìtàgé, èkejì ń wo aago. Ẹ tún wo àwọn fíìmù ìgbà náà, ẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì ló ṣẹ́gun níbì kan tàbí òmíràn: síìnì kan á gùn gbọọrọ pẹ̀lú ìjó, èyí tó tẹ̀ lé e á yára bí àlá.

Lẹ́yìn tí fíìmù parí, iṣẹ́ ò tíì tán. Olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ló máa gbé ríìlì àti ẹ̀rọ kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, bí ẹgbẹ́ alárìnjó ṣe ń ṣe. Ìdí ni pé ẹni tó bá fi ríìlì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè má rí owó, wọ́n sì lè jí fíìmù náà dà kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Baba Sàlá nìyẹn. Àwọn olè da Ọ̀run Móoru kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, gbèsè ńlá sì bọ́ sọ́rùn ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wa mọ àwàdà rẹ̀, díẹ̀ ló mọ iye tó ná an.

Bí èèyàn ṣe ń pòórá

A ò lè sọ̀rọ̀ lókéṣọ̀n Yorùbá ká má dé orí idán. Nígbà tí àwa ṣì kéré, ẹ̀rù máa ń bà wá tí babaláwo bá pòórá, tí àjẹ́ bá di ẹyẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà?

Ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Wọ́n á gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tì í pa kó má ṣe mì rárá. Òṣèré á pe ọfọ̀ rẹ̀ dé ibi tó yẹ. Olùdarí á ké pé kí gbogbo èèyàn dúró bí wọ́n ṣe wà. Kámẹ́rà á dúró. Ẹni tó fẹ́ pòórá á rọra jáde kúrò níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ò gbọdọ̀ yí orí, wọn ò gbọdọ̀ gbé apá sọ̀kalẹ̀, bí eṣinṣin tilẹ̀ bà lé wọn nímú. Kámẹ́rà á tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á wá fi ìyanu pariwo. Tí wọ́n bá so àwòrán méjèèjì pọ̀, èèyàn ti pòórá nìyẹn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Georges Méliès ti fi í ṣe fíìmù ní ilẹ̀ Faransé láti 1896.

Àmọ́ kì í ṣe Méliès ló kọ́ àwọn èèyàn wa pé ara lè di ohun mìíràn lójú èrò. Eégún aláré ti ń wọ aṣọ ère, aṣọ ọ̀nì àti aṣọ ẹkùn lójú agbo kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà wá. Ohun tí kámẹ́rà ṣe ni pé ó fún idán àtijọ́ ní irinṣẹ́ tuntun. Ògúndé mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ya lọ wo Ayé bí omi.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ náà ní òfin tirẹ̀ ní lókéṣọ̀n. Àwọn àgbà tó ń ṣe irú ipò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ pé àwọn kì í pe ọfọ̀ pé. Wọ́n á yí ọ̀rọ̀ kan padà, wọ́n á fo ìlà kan, kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè jẹ́ eré. Ẹni tó gbà gbọ́ àti ẹni tí kò gbà gbọ́, àwọn méjèèjì ló máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí irú síìnì bẹ́ẹ̀ bá ń lọ. Ìbẹ̀rù díẹ̀ máa ń mú kí síìnì dáa.

Fídíò dé, ilẹ̀kùn ṣí

Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò SAP kalẹ̀, náírà wálẹ̀ láìdúró. Ríìlì tí wọ́n ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà ti kọjá agbára ẹgbẹ́ eré. Ẹ máa rántí pé àwọn òṣèré ṣì wà níbẹ̀, ìtàn ṣì wà lẹ́nu wọn, ebi sì ń pa wọ́n. Kámẹ́rà fídíò, èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ló wà nítòsí. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ń fi í ṣe eré Yorùbá. Kenneth Nnebue, tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, ti kọ́kọ́ fi owó ṣe fídíò Yorùbá pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá: Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Nollywood lónìí, ọwọ́ àwọn òṣèré Yorùbá wà níbi tó ti ṣẹ̀.

Fídíò yí lókéṣọ̀n padà pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì kan lè gba wákàtí méjì, ó sì ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún fi ya òmíràn. Èèyàn lè yí i padà sẹ́yìn, kó wo ohun tó yà lójú ẹsẹ̀. Òṣèré tí wọ́n ti ń ké "cut" mọ́ wá rí àyè mí. Òwe padà wọlé, èébú gígùn padà wọlé, ẹ̀kún ìṣẹ́jú mẹ́wàá padà wọlé. Olùdarí á ní, "Ìwọ wọlé, o bá a níbẹ̀, o bú u, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó yá, action!" Ìtàgé alárìnjó ló tún jí dìde, inú pálọ̀ èèyàn kan ló kàn ti jí.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ọ̀nà yẹn. Túndé Kèlání, tó ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún àwọn fíìmù ríìlì kó tó di pé ó dá Mainframe sílẹ̀, gbà pé ìwé gbọ́dọ̀ ṣáájú kámẹ́rà. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993. Nígbà tó yá, ó mú iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe Kòṣeégbé, Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ. Tí ẹ bá wo Ṣaworoidẹ, ẹ ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní ìwọ̀n, kò sí àsọdùn. Ẹni tó jókòó kọ ọ́ ló mọ ìdí tí òwe kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè: níbo ni owó ti ń wá? Níbẹ̀ ni àáró ti wọlé gidi. Nígbà ìtàgé, òṣèré wà lábẹ́ ọ̀gá kan, ọ̀gá náà ló ń bọ́ ọ. Ìgbà fídíò, òṣèré kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe fíìmù tirẹ̀. Kò lówó tó lè fi san ogún òṣèré tó gbajúmọ̀. Kí ló máa ṣe? Ó ti bá lágbájá ṣe tiẹ̀ lóṣù tó kọjá, lágbájá gbọ́dọ̀ wá bá a ṣe tirẹ̀ lóṣù yìí. Wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní "caucus", olúkúlùkù ní ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, á gbé àpò, á kó aṣọ, á ṣe ipò wákà-pass tó kàn kọjá lẹ́yìn, títí wọ́n á fi fún un ní òmìnira bíi ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, abẹ́ Òjó Ládiípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, ló wà nígbà ìtàgé. Ọmọ rẹ̀, Fẹ́mi Adébáyọ̀, ló wá gbé Jagun Jagun jáde sórí Netflix ní 2023. Iṣẹ́ náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, bó ṣe ń ṣe nígbà alárìnjó.

Ọjọ́ kan ní lókéṣọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ò dé lókéṣọ̀n rí, ẹ lè rò pé fàájì ni. Ìdúró ni. Wọ́n á ní kí ẹ dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, síìnì yín lè má kàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó ń ṣe mékọ̀ọ̀pù ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi lẹ́búlẹ́bù sọ irun ọ̀dọ́ di funfun, ó ń fi àwọ̀ tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹkún rẹ̀ ò bá tètè wá, wọ́n á fi róòbù díẹ̀ sábẹ́ ojú rẹ̀, omi á jáde fúnra rẹ̀.

Ọ̀tá tó tóbi jù ni ariwo. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, ọkọ̀ ń fọn fèrè, mọ́ṣáláṣí ń pe ìrun, ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìsọjí, àkùkọ kan ò sì gbọ́ pé wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Wọ́n á rán ọmọ kan lọ bẹ aládùúgbò kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ìṣẹ́jú márùn-ún á di wákàtí kan, aládùúgbò á jáde wá bínú, ìyá kan ní lókéṣọ̀n á kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ní àdúgbò mìíràn, àwọn ọmọ àdúgbò á dé pé wọn ò lè máa ya fíìmù ní ilẹ̀ àwọn láìfún àwọn ní nǹkan. Owó yẹn ò sí nínú ìwé ètò kankan, síbẹ̀ wọ́n máa san án.

Tí kámẹ́rà bá jẹ́ ẹyọ kan, síìnì tí èèyàn méjì ti ń jẹun tí wọ́n ń jà, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn méjèèjì, lẹ́yìn náà ojú ẹni kìíní, lẹ́yìn náà ojú ẹnì kejì. Ìyẹn ni pé òṣèré á jẹ òkèlè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, á sì bínú tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rántí: ọwọ́ wo ló fi di ife mú? Gèlè rẹ̀ ń wo apá ọ̀tún àbí òsì? Iyán inú abọ́ kù tó báwo? Tó bá gbàgbé, gbogbo wa á rí i nílé, a ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Oúnjẹ ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lóko àáró, ẹni tó loko ló ń wá oúnjẹ. Ní lókéṣọ̀n náà, ẹni tó ni fíìmù lè má lówó iṣẹ́ tí yóò san, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ má wá oúnjẹ. Tí ìrẹsì bá pẹ́ dé, ẹ ó rí i pé eré náà á yí ohùn padà.

Gbèsè inú àáró

Gbogbo èyí dùn ún sọ. Àáró ló gba fíìmù Yorùbá là nígbà tí owó tán. Ká ní wọ́n dúró de báńkì, à bá má rí ìdajì ohun tí a wò dàgbà. Gbà mí lójò, kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn: òwe yẹn ló san owó ọ̀pọ̀ fíìmù.

Àmọ́ àáró ní ohun tí kì í lè ṣe. Àgbẹ̀ tó dàgbà, tí kò lè roko mọ́, oko rẹ̀ ṣì wà, kòkó rẹ̀ ṣì ń so, àwọn ọmọ rẹ̀ á jogún rẹ̀. Kí ló ṣẹ́ kù fún òṣèré tó fi ogún ọdún ro oko ẹlòmíràn? Fíìmù kì í ṣe tirẹ̀. Kò síwèé tó sọ pé kó gba nǹkan kan nígbà tí wọ́n bá tún un tà, nígbà tí wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí ẹnì kan tí a ò mọ̀ gbé e sórí YouTube. Lóòrèkóòrè la ń rí fídíò àgbà òṣèré lórí ibùsùn àìsàn, tí wọ́n ń bẹ ará ìlú fún owó ìwòsàn. A máa ń káàánú, a máa ń fi owó ránṣẹ́, a sì ń béèrè pé níbo lowó rẹ̀ lọ. Ìdáhùn ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò fìgbà kan jẹ́ owó. Àáró ni. Àwọn tó jẹ ẹ́ lè ti kú, tàbí kí àwọn náà máa ṣàìsàn.

Ewu náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2024, ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ fíìmù dojú dé lórí omi ní ìpínlẹ̀ Anambra. Junior Pope wà lára àwọn tó kú. Fíìmù Yorùbá kọ́ ni wọ́n lọ ṣe, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ lókéṣọ̀n wa mọ̀ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ la ń gbà lọ: ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀ la ń wọ̀, ẹṣin tó bá wà la ń gùn, iná tòótọ́ la ń dá. Ní oko àáró, tí àdá bá ge ẹnì kan, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gbé e lọ sílé. Ta ló ń gbé wákà-pass tó ṣubú lórí ẹṣin lọ sílé?

Nǹkan ti ń yí padà. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love, fẹ́ ṣe Aníkúlápò tó jáde ní 2022, odindi abúlé ni wọ́n kọ́ sí agbègbè Òkè-Ògùn fún un. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde, èyí tí Bíyì Bándélé darí, tó sì kú kó tó di pé àwọn èèyàn rí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí ẹ̀rọ ayélujára ń béèrè fún ìwé àdéhùn, ń béèrè ta ló ni ìtàn, ta ló ni orin. Lókéṣọ̀n ń kún fún iṣẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú ààbò, ẹni tó ń kọ́ àwọn òṣèré ní ìjà, ẹni tó ń kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù ńlá bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Lójú YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ti ń jáde báyìí, àáró ṣì ni olúwa.

A ò sọ pé kí wọ́n pa àáró rẹ́. Iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ohun tí owó ò lè rà, ó sì máa ń hàn lójú fíìmù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí àáró padà sí bó ṣe wà lóko. Lóko, kò sí ẹni tó ń ro oko títí láé láìní oko tirẹ̀. Ìṣirò wà, ẹlẹ́rìí wà, olúkúlùkù sì mọ ọjọ́ tó máa kàn án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé fóònù àti kámẹ́rà kéékèèké jáde báyìí, tí ẹ̀ ń pe ọ̀rẹ́ yín pé kí wọ́n wá bá yín ṣe síìnì kan, ẹ pè wọ́n. Ẹ kàn wá bébà kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá síbẹ̀, láti orí òṣèré tó ṣáájú dé ọmọ tó di iná mú. Ẹ kọ ohun tó tọ́ sí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí owó bá wọlé, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Bébà ò pa ọ̀rẹ́ rí. Ohun tí a ò kọ sílẹ̀ ló ti pa púpọ̀.